Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbé E Sókè: Ohun Tí Mo Kọ́ Lórí Hilux

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, bí oníbàárà bá wa Hilux wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí ẹ bá òun gbé e sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ pààrọ̀ táyà tó bá a dé láti iléeṣẹ́, ẹ má tíì mú súpánà. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Ibi tó ti ń ha ilẹ̀ kì í fara pamọ́: irin tí wọ́n fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì á ti tẹ̀, páìpù èéfín á ti gbo, tàbí kí orí áàsù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) máa dán bí ìkòkò tí wọ́n fi iyanrìn fọ̀. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ tó fẹ́ sanwó rẹ̀ yìí máa wúlò fún un.

Bí a bá fi sípíríǹgì gbé ọkọ̀ sókè, ṣáàsì, ìyẹn egungun ọkọ̀, ni à ń gbé. Dífù iwájú Hilux, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, mọ́ ṣáàsì, nítorí náà yóò bá a gòkè. Ti ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Orí táyà ni áàsù ẹ̀yìn dúró lé tààrà. Ohun yòówù kí ẹ fi kún sípíríǹgì, ibi rìbìtì tí jíà wà nínú rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà nìkan ló lè gbé e. Táyà 265/65R17 tí ọ̀pọ̀ Hilux ń bá dé ga tó mìlímítà 776. Kí áàsù tó fi ínṣì 1 gòkè, táyà gbọ́dọ̀ fi ínṣì 2 ga sí i, torí pé ìdajì rẹ̀ ló wà lábẹ́ áàsù. Táyà tó bá ga tó bẹ́ẹ̀ lè máa ha inú mọ́gádì bí awakọ̀ bá yí sítíárì dópin, mítà eré á máa parọ́, ẹ́ńjìnnì á máa fi agbára fà á, ó sì lè má gba ààyè sípéà lábẹ́ ọkọ̀ mọ́. Oníbàárà tó ní òun kò pààrọ̀ táyà gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó rà.

Ẹ wo ọ̀nà oko kòkó lágbègbè Oǹdó nígbà òjò. Lọ́rì á ti fi táyà gbẹ́ kòtò méjì, ilẹ̀ àárín á wá ga bí ebè. Orí áàsù ẹ̀yìn ni ilẹ̀ yẹn máa ń mú. Ẹ sọ fún onítọ̀hún pé iṣẹ́ yìí á gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì là, kò ní gba áàsù là. Kó máa gbé táyà ẹ̀gbẹ́ kan gun ilẹ̀ àárín yẹn. Ẹlòmíràn á gbọ́, á sì kó owó rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹni tí imú ọkọ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ lẹ́nu kòtò ni iṣẹ́ yìí wà fún. Iléeṣẹ́ ti jẹ́ kí ẹ̀yìn Hilux ga ju iwájú lọ, torí pé ẹ̀yìn ni yóò wálẹ̀ bí wọ́n bá di ẹrù sí i. Nítorí náà iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ nílò. Àmọ́ ẹni tó ń kó sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́, ẹ má ṣe sọ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ di ọgbọọgba, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí iná iwájú rẹ̀ máa wo ojú ọ̀run.

Sípésà, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì kí ọkọ̀ lè ga, ló ń da àwọn tó ń lọ sí Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, láàmú jù. Wọ́n fẹ́ kí iwájú fi ínṣì 2 gòkè, wọ́n á lọ ra èyí tó nípọn ní ínṣì 2. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì wà lórí lówà áàmù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú: kò sí lẹ́bàá táyà, ọ̀nà àárín áàmù ló wà. Ohun tí ẹ bá fi kún orí ṣọ́ọ̀kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì tó bá dé ọ̀dọ̀ táyà. Sípésà ínṣì 1 ti tó. Ẹni tó fi ti ínṣì 2 ti ń sún mọ́ ínṣì 4: CV joint (oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú) á wọ́, rọ́bà rẹ̀ á fà ya, gíríìsì á máa ta sára rímù, ball joint (oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà) á sì máa jẹ. Lójú tèmi, ínṣì 2 ni òpin fún ẹni tí kò fẹ́ pààrọ̀ áàmù òkè. Mo fẹ́ràn sípésà orí ṣọ́ọ̀kì torí pé a kò ní tú sípíríǹgì. Tó bá di dandan kí ẹ tú u, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ fi fún un pọ̀, kì í ṣe okùn, kì í ṣe wáyà. Sípíríǹgì tó bá já lè pa ènìyàn.

Ní ẹ̀yìn, ẹ lè fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan kún un, tàbí kí ẹ ki búlọ́ọ̀kù irin sáàárín áàsù àti sípíríǹgì. Pákó kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó le tó. U-bọ́ọ̀tì tuntun, èyí tó di áàsù mọ́ sípíríǹgì, ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ti dì rí ti nà. Ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé kò sì fi kílò kan pọ̀ sí i.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò. Lára ọ̀pọ̀ Hilux, fáàfù bírékì kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn, tí ọ̀pá kan so mọ́ áàsù. Bí ẹ̀yìn bá ga, fáàfù yìí á gbà pé ọkọ̀ kò gbé ẹrù kankan, á sì dín bírékì ẹ̀yìn kù. Ẹ gbé ibi tí ọ̀pá yẹn so mọ́ ga ní ìwọ̀n tí ẹ fi gbé ọkọ̀. Ẹ wo rọ́bà tí omi bírékì ń gbà kọjá náà, kó má fà le nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí, láti àárín rímù dé etí mọ́gádì, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, gééjì táyà ló máa tàn án. Bọ́ọ̀tì bùṣì áàmù (rọ́bà tó wà ní oríkèé áàmù), ẹ má dì í pa lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí ẹ tó dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà rẹ̀ á wà ní lílọ́ títí tí yóò fi já.

Lẹ́yìn náà, àláìmẹ́ǹtì, kò sí àwáwí. Táyà á ti kọ ojú sí ibi tí kò yẹ, sítíárì kò sì ní fẹ́ dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Owó rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú ìwé owó, torí oníbàárà tó bá ti rí i pé ọkọ̀ òun ti ga á fẹ́ máa lọ. Ẹ tún rẹ iná iwájú sílẹ̀, kó má baà máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ pè é kó wá kí ẹ tún U-bọ́ọ̀tì dì, torí kò ní dá wá fúnra rẹ̀ àfi tó bá ti gbọ́ ariwo.