Lírà kan tó já ọmọge bọ́ lára ògiri: bí mo ṣe dé Treviso

Venice ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì mi. Treviso ni bàálù já wa sí, ìlú kan ní Ítálì tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Venice. Àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ láti London ń ṣépè. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, torí Treviso gan-an ni mò ń lọ. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn oníbàálù olówó pọ́ọ́kú sì mọ àgúnmu wọn gún.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà náà ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ràn pósítà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yà, tí wọ́n ń lẹ̀ kiri ara ògiri ní Yúróòpù kí rédíò tó gbòde. Musíọ́mù kan wà ní Treviso tí kò ní iṣẹ́ méjì ju ìyẹn lọ, Collezione Salce ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́rú ni mo dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tì pa. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wò. Ó di Ọjọ́ Ẹtì.

Mo wá ń rìn kiri. Ìlú olómi ni, odò ń gba àárín ilé kọjá, kódà orí erékùṣù kékeré kan ni ọjà ẹja wọn wà. Mo jẹ tiramisù, ìpápánu aládùn kan tí wọ́n ń fi kọfí sí, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń búra pé ìlú àwọn ló ti ṣẹ̀ wá. Ó dùn, àmọ́ kọfí inú rẹ̀ kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe musíọ́mù náà ni Ferdinando Salce, Nando lẹ́nu àwọn ará ìlú. Lọ́dún 1895, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ó rí pósítà tuntun kan tí Giovanni Mataloni yà. Iná gáàsì ni wọ́n ń polówó, àmọ́ ọmọge kan tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n fi polówó ọ̀hún. Ojú Nando kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó fa ọkùnrin tó ń lẹ pósítà sí kọ̀rọ̀, ó ki lírà kan, owó Ítálì ayé ìgbà yẹn, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀dà kan. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Àmọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn bímọ: nígbà tí Nando kú lọ́dún 1962, pósítà tó fi sílẹ̀ fún ìjọba Ítálì lé ní 24,000. Bọ́ǹbù ti kọjá lórí ìlú náà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1944, ó wó ilé rẹpẹtẹ, bébà wọ̀nyí kò sì jóná.

Gáàsì inú pósítà yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa o. Auer ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn Carl Auer von Welsbach, ará Austria tó hùmọ̀ àwọ̀n kékeré tó ń mú kí iná gáàsì funfun báláú. Ẹni tó bá rántí òde òru tí wọ́n ń tan gáàsì sí, tí wọ́n ń fún un ní póńpù, mọ àwọ̀n náà. Tó bá ti jó lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án, eérú ni. Mo ti jẹ ìgbátí nítorí ọ̀kan rí.

Ọjọ́ Ẹtì pé, mo wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó pósítà jáde, torí ìmọ́lẹ̀ ń pa àwọ̀ wọn. Orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n látẹ̀yìnwá. Mi ò mọ̀ pé òmíràn ga jù mí lọ, tí ojú ibi tí wọ́n ti so bébà méjì pọ̀ ṣì ń hàn.

Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Ayàwòrán á fi kéréyọ̀nù ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta dídán, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á wá yí yíǹkì olóròóró lé e. Omi àti òróró kì í rẹ́, nítorí náà yíǹkì á sá fún ibi tó tutù, á lọ dì mọ́ ọ̀rá. Òkúta kan fún àwọ̀ kan. Bí àwọ̀ bá jẹ́ mẹ́fà, bébà kan ṣoṣo á wọ abẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bó bá sì yẹ̀ bíńtín, ètè ọmọge á bọ́ sí àgbọ̀n. Gbogbo làálàá yìí, nítorí ohun tí òjò máa ṣí dànù!

Leonetto Cappiello, ayàwòrán pósítà, ọmọ Livorno ní Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, mọ̀ pé ẹni tó ń sáré lọ kò ní dúró kàwé. Lọ́dún 1921, ó fi èèpo ọsàn wé iwin kan lára, ó gbé ìgò ọtí Campari lé e lọ́wọ́, ó parí.

Àmọ́ pósítà ayàwòrán mìíràn, Marcello Dudovich, ló dá mi dúró, èyí tó yà fún fìlà Borsalino lọ́dún 1911. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Àga kan, fìlà, ìbọ̀wọ́, ọ̀pá. Ṣé ọ̀gbẹ́ni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, àbí ó fẹ́ jáde? Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní yàrá kejì? Mo ti rí bílíbọ́ọ̀dù tí wọ́n to èèyàn mẹ́wàá sí, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì rántí ohun tí wọ́n ń tà.

Mo ra káàdì kan tó ní àwòrán ọmọge Nando. Lálẹ́, mo pe Màámi lórí fídíò, mo gbé e síwájú kámẹ́rà. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n lọ wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

“Kí lo pè é pé wọ́n ń tà?”

“Gáàsì ni, Mà.”

“Ṣé gáàsì ọ̀hún ló jó aṣọ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára?”