Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ chip yín dàgbà l'Ékòó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Yaba

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé Yaba ni mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ chip, èérún kékeré tó ń mú fóónù àti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí n mú wọn lọ wo ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe é. Wọ́n rò pé mo ní fáktírì sẹ́yìn ilé. Kò sí fáktírì o. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti pín sí méjì, ẹni tó ń ya chip lórí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe é jáde. TSMC tí Morris Chang dá sílẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 1987, chip tí ẹlòmíràn yà ló ń bá wọn ṣe. NVIDIA tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ gan-an ò ní fáktírì tiẹ̀. Iṣẹ́ yíyà yẹn, láptọ́ọ̀pù àti ọpọlọ ló ń gbé e, ọmọ Akoka lè bá wọn du ú.

Yàrá kan lẹ́yìn Herbert Macaulay la ti bẹ̀rẹ̀, àyè wa ti gbòòrò báyìí. Àwọn tó fẹ́ dá irú ẹ̀ sílẹ̀ máa ń pè mí, ohun tí mo sì máa ń sọ kì í tẹ́ wọn lọ́rùn: ẹ má fi yíyà chip ṣe ọjà yín, àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ tà. Òótọ́ ni, yíyà ló dùn ún polówó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí gidi, àyẹ̀wò ló ń jẹ àkókò jù, torí ohun tó bá ti wọ fáktírì tòun ti àṣìṣe, owó ńlá ló bá a lọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá àṣìṣe rí, wọ́n á wá a débi tó bá wà.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọkùnrin kan tó ti Yabatech wá kọ kántà kékeré kan, ohun tó ń ka iye, ní Verilog, èdè tí wọ́n fi ń ya chip. Icarus Verilog, sọ́fítíwíà tó ń dán irú iṣẹ́ yìí wò lórí kọ̀ǹpútà, ò bá a wí rárá. Ó wá ṣí GTKWave tó ń fi àbájáde ẹ̀ hàn, ó ń retí 0, 1, 2, 3. Pupa ló bá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, x lásán, àmì pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù mi ti bàjẹ́.”

Mo ní, “Nígbà tíná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iye wo lo ní kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?”

Ó wojú mi, ó wo kọ̀ǹpútà. Kò fi reset sí i, ohun tó ń sọ fún kántà ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Kántà ò mọ ibi tóun ti ń bọ̀, bó bá sì fi ọ̀kan kún x, x náà ni. Èmi ò ní kó fi reset sí i o, mo jókòó tì í títí tó fi rí i fúnra ẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun báyìí, ìbéèrè yẹn náà ló sì ń bi wọ́n, pẹ̀lú ohùn bíi tèmi (wọ́n ti ń fi ìyẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́).

Gbogbo ohun tọ́mọ yẹn fi ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village gbé e, bí NEPA bá sì mú iná lọ, bátìrì á bá a parí ẹ̀. Sọ́fítíwíà Synopsys àti Cadence táwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, owó ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó sílé.

Bọ́ọ̀dù FPGA, èyí tọ́mọ fi ń dán ohun tó yà wò láìjẹ́ pé ó lọ fáktírì, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, náírà sì lòbí ń san. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó tá a ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ò ra bọ́ọ̀dù mọ́. Látìgbà náà la ti yọ ọ́ kúrò nínú owó ẹ̀kọ́. Tiwa wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń pín in lò, ẹni tó bá fẹ́ tiẹ̀ á rà á níye tó bá ń jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó jẹ́ kọ́mọ mẹkáníìkì ṣì lè rí owó wa san nìyẹn.

Owó kan tún ń bọ̀ tó máa kanlẹ̀kùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe project mi, màá sanwó.” Àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ jáde ni, ìgbà tí owó ilé bá sì pé gan-an ni wọ́n máa ń dé. Ẹ dá wọn padà, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jókòó kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá bá a ṣe é, yóò dé iwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, á ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti kọ́ ọ. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n máa bi í.

Sátífíkéètì làwọn òbí ń wá ní tiwọn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo ń lẹ síìlì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá kan wá láti Mushin, ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, ẹ má bínú, kí lọmọ yìí ń ṣe gan-an?” Mo ní kọ́mọbìnrin náà ṣí GitHub ẹ̀, ibi tó ń kó iṣẹ́ ẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóónù. Màmá ò mọ ohun tó ń wò, àmọ́ ó rí orúkọ ọmọ ẹ̀, ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. “Ohun tó ò ń jókòó ṣe lóru nìyí?” Kó tó kúrò ló san owó tó kù.

Ti chip tèèyàn lè fọwọ́ kàn, Tiny Tapeout ti wà láti 2022: ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín ojú chip kan, kálukú ń sanwó ibi tiẹ̀. Ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má ṣèlérí pé chip náà á dé kọ́mọ tó parí ẹ̀kọ́. Ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tí Efabless tó ń ṣe alárinà wọn àti fáktírì sì kógbá sílé lọ́dún 2025, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn há sọ́nà.

Àwọn olùkọ́ yín máa jápa, ẹ fi sọ́kàn. Kó tó gba físà ni kẹ́ ẹ ti ní kó kọ gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀ sílẹ̀, títí kan àwọn àṣìṣe tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ kọ́mọ lè wá wọn rí. Àwọn tiwa tó ti lọ ṣì ń kọ́ kíláàsì lórí Zoom lálẹ́ Sátidé. Òmíràn á ní òun ò gbowó, pé ti Ọlọ́run ni. Mo máa ń san án dandan, torí ẹni tí mo sanwó fún ni mo lè fi ìbínú pè nígbà tí aago méje bá lù tí kò tíì wọlé.