Ìbọn onílífà tó ń tú sí méjì

Marlin 39A ló wà lórí tábìlì báyìí, ìdí lọ́tọ̀, ọ̀pá lọ́tọ̀. Ìbọn ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro ni lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ọta .22 (ọta kékeré) ló ń yìn, ọdún 1939 ló jáde.

Kí ẹ tó tú u, ẹ kó gbogbo ọta inú túùbù (ọ̀pá kékeré abẹ́ ọ̀pá ìbọn tí ọta ń tò sí) kúrò, ẹ wo ihò ọta, ẹ tún fi ìka kàn án. Ẹ pa lífà (irin abẹ́ ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà láti ki ọta) dé, ẹ fa òòlù ìbọn sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ wá tú súkúrù ńlá apá ọ̀tún. Etí owó onírin lè tú u. Bí kò bá fẹ́ yà, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi gbá a, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irin! Súkúrù yẹn máa ń dẹ̀ bí ẹ bá ti yìnbọn púpọ̀.

Wọ́n á ní pé ó wọ àpò ẹ̀yìn ni iyì rẹ̀. Èmi ò gbà. Ìnù ni: ọ̀pá ìnubọn ń gba ẹ̀yìn wọlé, kò ní ha ẹnu ìbọn. Awò tí a fi ń fojú sun ẹran náà ò ní ṣìnà, torí apá tó so mọ́ ọ̀pá ló jókòó sí.

Ti Winchester 1892, ìbọn onílífà mìíràn, èyí tó ń tú nínú rẹ̀, yàtọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí kúrò, bí ojú ìdè bá sì ti jẹ, á máa mì.

Ẹ má ki ọta ẹlẹ́nu ṣóṣóró sínú túùbù ìbọn ńlá o: ẹnu tẹ̀yìn lè gún ìdí tiwájú, kó bú gbàmù síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irú ọta bẹ́ẹ̀, kó wá Browning BLR alápótí ọta; èyí tó ń tú wà nínú tiẹ̀ náà.