Ọdún tí a gbé òfì wọ inú fóònù: àyẹ̀wò ọdún 2020 tèmi

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún. Orí ló yọ wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mo ṣe kí oṣù kẹta tó parí, n kò ní rí nǹkan kan sọ. Lójú tèmi, alẹ́ 30 oṣù kẹta tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ nítorí àrùn kòrónà ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ni ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa ń ti Èkó wá kọ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ wa ní Ìṣẹ́yìn há sílé. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, alẹ́ ni wọ́n ń sé wa mọ́lé, àmọ́ wọ́n ti ní kí èèyàn má péjọ, abẹ́ àtíbàbà Bàbá, ọ̀gá wa nídìí aṣọ híhun, kò sì láyè tí ẹnìkan lè fi jìnnà sí ẹnìkejì. Ìnáwó dúró. Ìgbéyàwó kò sí, òkú àgbà ń wọlẹ̀ láìsí aṣọ ẹbí, ta ló wá fẹ́ ra aṣọ òkè? Àwọn ará àdúgbò wa tó máa ń gbé aṣọ lọ sí ọjà Òjé n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ 16 síra, jókòó ti ẹrù wọn.

Àbúrò mi ló ní ká gbé kíláàsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ Bàbá. Ó ní, "Fóònù wo ló fẹ́ hun ẹtù?" Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá okùn tí a fi so fóònù mọ́ igi àjà, kí ojú rẹ̀ lè máa wo ọwọ́ ẹni tó ń hun láti òkè. Kámẹ́rà iwájú ni a kọ́kọ́ fẹ́ lò, àfi bó ṣe ń sọ ọ̀tún di òsì lójú àwa fúnra wa, tí ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá ń ti ibi tí kò yẹ jáde lójú fóònù wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà yẹn rí mọ̀ pé Bàbá kì í wo òfì, ìyẹn ohun tí a fi ń hun aṣọ, tí ọmọ iṣẹ́ ń lò. Yóò kọ̀yìn sí ọ, yóò máa tú òwú tirẹ̀, wàá kàn gbọ́ pé, "Ìwọ tí o wà nídìí ògiri, ò ń lù ú jù." Ìró asà, ohun tí a fi ń lu òwú kó lè ṣù mọ́ra, ló ń gbọ́. Bí asà bá ń dún déédéé, aṣọ á gún. Bó bá ń le lónìí tó ń dẹ̀ lọ́la, etí aṣọ á máa wọlé, á máa jáde. Zoom, ẹ̀rọ ìpàdé orí fóònù tí a fi ń ṣe kíláàsì, wá gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ náà ka ìró asà sí ariwo, ó ń pa á mọ́ wa létí bó ṣe ń pa ti jẹnẹrétọ̀. À ń rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ń wọlé ketekete, asà rẹ̀ kò dún rárá. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ṣé atẹ́gùn ni ọmọ yìí ń lù ni?"

Ìgbà tí àbúrò mi rí ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó fi ìró sílẹ̀ bó ṣe wà, "kà, kà, kà" wọlé sí wa láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Bàbá gbé etí sún mọ́ fóònù. Ó ní, "Ó ti le jù. Kó dẹ òwú yẹn díẹ̀." Ọmọbìnrin náà dẹ̀ ẹ́, ó tún lù ú, Bàbá sì padà sídìí òwú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún yìí, n kò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Peckham, ní London, ní kí n sọ tiwọn. Ilé wọn kò gba kí wọ́n na òwú lọ jìnnà bíi tiwa, wọn kò sì rí òkúta tí wọn yóò so mọ́ ìdí òwú, ni wọ́n bá so àpò ìrẹsì mọ́ ọn. Ó ń fà dáadáa. Àṣé lójoojúmọ́ ni Ìyá Ìbejì ń bu nínú ìrẹsì náà sè! A jókòó, à ń wá ìdí tí òwú fi ń dẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá kan ní Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, náà wà pẹ̀lú wa, aago kan ọ̀sán tiwọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń gbé pano da costa lé èjìká láti ayé àwọn ìyá ńlá wọn, aṣọ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó láti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ó na ti ìdílé rẹ̀ sí kámẹ́rà. Bàbá ní kó yí i padà. Ó wo ojú ìránpọ̀ ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹni tó rán èyí mọ iṣẹ́." 40 ìṣẹ́jú tí Zoom ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ pé, ó já. Gbogbo wa sáré wọlé padà.

Oṣù kẹsàn-án ni Bàbá fi wá sílẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo kọ ohun tí mo lè kọ nígbà náà, ẹ sì dúró tì mí, Ọlọ́run yóò dúró tì yín. Ohùn Bàbá wà nínú àwọn fídíò. N kò tíì lè ṣí wọn. Àbúrò mi ló ń bá wa gé wọn, ó ní nínú ọ̀kan, Bàbá ń bá adìẹ tó wọ abẹ́ òfì wí bíi pé ọmọ iṣẹ́ ni, òun kò sì ní yọ ibẹ̀ kúrò láéláé. Kó má yọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Lekki ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá, tí wọ́n yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS, a kò ṣe kíláàsì.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kíláàsì wa dé Houston, ó dé Bahia, kò dé ilé kejì sí wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sídìí òfì láràárọ̀ kò ní fóònù tó ń gbé fídíò, bí wọ́n bá sì ní in, owó dátà ń kọ́? Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà báyìí. Òmíràn ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni Bàbá ń wò pé iṣẹ́ yìí yóò wà lọ́jọ́ iwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, owó yín la fi ra òwú, òun la fi jẹun. Àmọ́ bí òfì bá ń dún ní Peckham tí kò dún ní Ìṣẹ́yìn, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, lọ́dún 2021, nínú owó kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì la ó ti máa yọ owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo ti lọ bá ìyá ọmọ iṣẹ́ tó ń gun ọ̀kadà sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní òun lè máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo ti gbà.

Bí ìjọba kò bá tún sé wa mọ́lé, nítorí àìsàn yìí tún ń gbérí, Sátidé 9 oṣù kìíní la ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Àwọn ti orí fóònù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ̀yin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé aago yín ti fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa láti ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ fúnra yín, ẹ wọ ìbòmú.