Ta Ló Fi Fíríìjì Ọ̀gá Han Bàbá Gáàdì?

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín yín tán ná. Ṣebí ẹ mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti pè mí ní "ọ̀gá kọ̀ǹpútà" báyìí, orí mi á wú débi tí fìlà ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Snipe-IT tí mo ń fi dà yín láàmú yẹn náà ni, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun-ìní ilé-iṣẹ́ wa, tó sì ń sọ ọwọ́ ẹni tí ìkọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀gá ní kí ará Ìbàdàn máa rí ti Ìbàdàn, kí ará Abẹ́òkúta máa rí ti Abẹ́òkúta. Bọ́tìnnì kan ló wà fún un, Full Multiple Companies Support: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi kálukú sábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ó parí. Èmi ọ̀mọ̀wé ò tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ kan ni mo dá sílẹ̀, "Gbogbo Òṣìṣẹ́", mo ní kí wọ́n lè wo gbogbo nǹkan, ká kọ́kọ́ fi dán an wò ná. Mo fi ìgbéraga lọ sílé.

Ilẹ̀ mọ́, mo dé géètì. Bàbá gáàdì dìde. (Èmi náà ni mo ṣí àkáǹtì fún wọn, kí wọ́n lè máa yẹ ẹrù tó ń jáde wò.)

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ káàárọ̀ o. Fáànù ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ yín, ṣé ó ṣì ń fẹ́?"

Ó ń fẹ́ o! Ó ń fẹ́ èmi, ó ń fẹ́ ìyàwó mi, ó ń fẹ́ ẹ̀gúsí tá a sá sí pálọ̀. Mo ní mò ń tún un ṣe ni. Bàbá ní Olúwa á bá mi tún un ṣe.

Àṣé fáànù tèmi ò já mọ́ nǹkan kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti rí fíríìjì! Fíríìjì tó pòórá ní kíṣìnnì wa, tá a gbààwẹ̀ lé lórí, tá a torí ẹ̀ ń wo ìyá tó ń gbálẹ̀ bí olè. Òun rèé gbàgàdà: ọwọ́ ọ̀gá, nílé ọ̀gá. Ta ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀? Èmi kan náà! Ìwé akáńtáǹtì ni mo dà wọlé láìkà.

Mo sáré lọ dí ojú àwọn òṣìṣẹ́. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ni mo bá fún ọ̀gá fúnra wọn ní Deny, ìyẹn "má jẹ̀ẹ́ kó rí i". Deny tí wọ́n bá sì fún ẹnìkan, ó lágbára ju ohunkóhun tí ẹgbẹ́ bá fún un lọ. Ọ̀gá wọlé, wọn ò rí láptọ́ọ̀pù, wọn ò rí ṣíà, wọn ò rí mọ́tò. Wọ́n figbe ta: "Wọ́n ti kó wa o!" Orí ṣíà tí wọ́n ní wọ́n jí yẹn gan-an ni wọ́n jókòó lé.

Nígbà tó tún rí bó ṣe yẹ, ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi oríkì pè mí, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Àjàní, ṣé fíríìjì yẹn ò lè máa hàn sí èmi nìkan?"

Mo ní ilé-iṣẹ́ ló fi ń pín in, àfi ká dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún fíríìjì. Àwàdà ni mo ń ṣe o.

Ọ̀gá mi orí síwá, wọ́n mi ín sẹ́yìn. "Dá a sílẹ̀. Fi fáànù tìẹ náà síbẹ̀."