Ẹṣin 400 àti ewúrẹ́ kan

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, àbí kẹ́ ẹ kúkú rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, mọ́tò kan wà ní kọ́ńpáùǹdù wa ní Òkè-Baálẹ̀ níbí tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró yà á ní fọ́tò, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ pa á lára bí ìgbà téèyàn bá ń fọwọ́ pa àgbò Iléyá, èmi tí mo ni ín wá ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mọ́tò yẹn ti wà lọ́kàn mi. Àwọn tá a jọ gbé yàrá nílé ìwé mọ̀, fọ́tò ẹ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri níbi táwọn yòókù lẹ fọ́tò Kanu mọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é o, torí ká sòótọ́, wọn ò ṣẹ̀ mí, wọn ò fìgbà kankan sọ pé Òkè-Baálẹ̀ làwọn ṣe é fún. Ilẹ̀kùn méjì, tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, agbára ẹṣin 400 lé díẹ̀, iwájú ẹ̀ rí bí ológbò tó ba mọ́lẹ̀ de eku. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ṣẹ́ owó jọ, nígbà tí ò tún wá tó mo ta Camry Big Daddy mi mọ́ ọn, ọkọ̀ tó gbé mi fọ́dún mẹ́sàn-án tí ò bèèrè ju epo àti ọ́ìlì lọ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n wá wà á lọ mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ojú mi ti wà l'Ékòó níbi tí tokunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé ti ń dúró dè mí. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ìbéèrè kan ló bi mí, ó ní, "Bàbá Fèyí, àwa márùn-ún ńkọ́?" Mo ní sítì wà lẹ́yìn. Mi ò sì purọ́, sítì wà lẹ́yìn lóòótọ́, ibi tí wọ́n máa kó ẹsẹ̀ sí ni ò sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wọ Òṣogbo. Wọ́n fi ọkọ̀ akọ́kọ̀ gbé e wá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi ní Ògo-Olúwa nírọ̀lẹ́. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì, ó bú gbàmù! Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fò dìde, ó ń wá jẹnẹrétọ̀ ẹni tó bú. Inú mi dùn débi pé mo pa á, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ọlọ́sàn bá kó igbá ẹ̀, ó sún síwájú.

180 ni wọ́n kọ sí ìparí spídómítà ẹ̀, mo kọ́kọ́ ní àh, ṣé bó ṣe mọ nìyí, àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ní máìlì ni wọ́n fi ń kà á l'Ámẹ́ríkà, pé ó ń lọ sí bíi kìlómítà 290 ní wákàtí kan. Ẹ jọ̀ọ́, 290. Ẹ sì mọ̀ pé 50 lòfin ní ká máa sá láàárín ìlú, ní ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì pàápàá 100 ni fún ọkọ̀ ilé. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n látọjọ́ tí mo ti gba láísẹ́ǹsì, ìfẹ́ ló ń ṣe mí.

Ká tó dé Ọláìyá, ọ̀nà ti dí. Márúwá kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé èrò mẹ́ta àti àpò gààrí kan, ọmọ tó ń wà á wo ọkọ̀ mi látòkè délẹ̀, àbí kí n ní látòkè dókè torí òun ga jù mí lọ níbi tó jókòó sí, ó wá fi ọwọ́ ki iná, krrrn krrrn. Èmi àgbàlagbà, ẹni ọdún méjìlélógójì, èmi náà ki iná. Bí ọ̀nà ṣe là báyìí mo tẹ ẹ́, ọkọ̀ ta pọ́ún síwájú bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà, mo sì tẹ bíréèkì fọn-ọn, torí kọ̀rọ́pẹ̀ iwájú mi ti dúró ó ń já èrò. Ọmọ Márúwá gba etí gọ́tà kọjá wẹ́rẹ́, ó juwọ́ sí mi. Àwọn èrò ẹ̀yìn ẹ̀ náà juwọ́. Ẹni tó gbé àpò gààrí lẹ́sẹ̀ nìkan ni ò juwọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀ ni.

Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ jẹ́ ká délé ná.

Gọ́tà wà lẹ́nu géètì wa, kọnkéré méjì la tẹ́ lé e, Camry máa ń gùn ún kọjá bí ẹni gun àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí. Ti eléyìí, láti ikùn ẹ̀ sílẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Mo rọra ń lọ, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gun ibẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo bá gbọ́ gàrààààà, irú ohùn tó máa ń jáde bí ìyá mi bá ń fi ṣíbí irin họ ìdí ìkòkò ìrẹsì. Mo dúró. Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ikùn ọkọ̀ bá jókòó wọ̀ọ̀ lé kọnkéré, ó kọ̀, kò lọ síwájú, kò bọ̀ lẹ́yìn, taya ń yí lásán, òórùn rọ́bà gba àdúgbò, àwọn tó kírun Màgárìbì tán ń rọ́ jáde, wọn ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn ká aṣọ wọn sókè, àwọn mẹ́jọ ti ọwọ́ bọ abẹ́ iwájú ọkọ̀, bísímílà, hẹẹ̀n! Bí wọ́n ṣe gbé ẹṣin 400 wọ ilé mi nìyẹn.

Ìyá mi ti jáde sí fáráńdà. Ó kọ́kọ́ ṣàdúrà, ọkọ̀ yìí á gbé wa re o, kò ní fi orí wa gba igi o, mo ń ṣe àmín. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ó nà ró, ó gbé ọwọ́ lé rọ́fù ẹ̀ tí ò ga ju àyà òun fúnra ẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àkànbí, gbogbo owó tó o lo ná yẹn, ṣé ó ṣì máa dàgbà ni?"

Àwọn tó gbé ọkọ̀ ò tíì lọ o. Gbogbo wọn ló gbọ́.

Ọ̀rọ̀ epo, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń da epo sí i pé premium nìkan ni kí n máa rà, ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò fẹ́ epo tí ọ́kítéènì ẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ kó tó gbiná, ga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára ẹ̀ ò ní pé. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta epo bóyá wọ́n ní premium. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, PMS la ń tà, P ibẹ̀ yẹn ni premium." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ó kún un fún mi, àti pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ẹni tó bá ní kí wọ́n kún táǹkì fóun, àdúrà ló yẹ ká máa gbà fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìkómọ wà ní Gbọ̀ngán, mo ní màámi, èmi ni mo máa gbé yín lọ, torí mo ti ń fojú sun ọ̀nà yẹn látàárọ̀, mo ní tí mo bá ti kọjá Abẹ́rẹ́ báyìí, ayé á rí mi. Ìyá mi wé gèlè aṣọ òkè tó ga bíi ti ìyàwó ọba. Gèlè ò wọlé. Ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó fẹ̀yìn wọ̀ ọ́, rọ́fù ń ti gèlè, gèlè ń ti rọ́fù, nígbà tó yá ó ṣí i, ó gbé e lé itan bí ẹni gbọ́mọ. Sítì yẹn ń rẹlẹ̀ ni, kó tó fìdí kàn án ó ti ń bi mí pé, "Ṣé mo ṣì ń lọ sísàlẹ̀ ni?" Ó wá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ganran bí ẹni jókòó sórí ẹní, kò rí ìta, ojú ọ̀run nìkan ló ń wò.

A kọjá Abẹ́rẹ́. Ọ̀nà ṣófo. Mo ní màámi, ẹ dì mú. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ sítì, igi ẹ̀bá ọ̀nà di ògiri kan ṣoṣo, ìyá mi ń pariwo orúkọ bàbá mi tó ti kú, gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo fi jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran rìn padà wá sọ fún mi pé àwọn ti dárí jì mí. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ewúrẹ́ kan bá rọra jáde látinú ewéko, ó dúró láàárín ọ̀nà, ọ̀rá píọ wọ́tà wà lẹ́nu ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó kọjú sí mi, kò sáré, kò mira. Mo tẹ bíréèkì, mo yà fún un, kòtò kan tí ò fẹ̀ ju bàsíà ìfọwọ́ lọ ló sì gbà mí lálejò níbi tí mo yà sí. Gbàù! Camry ò bá má tiẹ̀ mọ̀ pé kòtò wà ńbẹ̀.

Mo ṣí búùtù kí n yọ sípéà. Ìgò gọ́ọ̀mù kan ni mo bá níbẹ̀ àti pọ́ǹpù kékeré bíi tẹni tó ń fẹ́ bọ́ọ̀lù. Àṣé irú àwọn ọkọ̀ yìí, wọn kì í sábà fi sípéà sí i, kó lè fúyẹ́, kó lè sáré. Kó sáré lọ síbo? Ihò ìṣó sì ni gọ́ọ̀mù yẹn ń dí, kì í dí taya tó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn sì ni mo mọ̀ lẹ́yìn tí mo ti da gbogbo ẹ̀ sínú tán tó tú sí mi lára bùbá.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìyá mi ti rí ẹni méjì fà á jáde, ó ti wé gèlè ẹ̀ padà nínú gíláàsì mi, kọ̀rọ́pẹ̀ kan sì ti dúró. Ó ní òun ò lè torí ẹṣin pàdánù ìkómọ.

Fọkanáísà tí ọlọ́kadà lọ bá mi gbé wá láti Akọ́dà ní kóun kọ́kọ́ ti jáàkì bọ abẹ́ ẹ̀. Jáàkì ò wọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló jókòó lé ọkọ̀ yìí?" Pákó la wá, a wa ọkọ̀ gun pákó kí jáàkì tó ríbi gbà. Ó wá tẹ ẹ̀gbẹ́ taya tó kù wò láàárín ìka méjì, bí ẹni ń ná adìyẹ lọ́jà. "Taya yìí ò lẹ́ran." Òun ló sì ka nọ́ńbà ara ẹ̀ fún mi, 275/35 R19, ó ní 275 ni ìbú ẹ̀ ní mìlímítà, 35 yẹn ni ìdá tí gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ nínú 100 ìbú ẹ̀, tá a bá ṣírò ẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, pé ti Big Daddy ńkọ́, 205/65 R15, ìyẹn lé ní mẹ́tàlá, pé ó sì wà lórí igi òun lọ́hùn-ún nísinsìnyí, márùn-ún. Ó wò mí. "Ṣé irú ẹ̀ lẹ ń wà tẹ́lẹ̀?" Mi ò dá a lóhùn.

Owó ńlá ni wọ́n fi wọ́ ọ wálé, Èkó ni taya máa ti wá, iye tí wọ́n pè é mi ò tíì lè sọ fún ìyàwó mi, torí náà ẹ bá mi ṣe é ní jẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ìyá mi dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín méjì nínú ọ̀rá, ó ní ìkómọ dùn, wọ́n bi òun léèrè ọkọ̀ tuntun, òun ní ó ń sinmi.

Adìyẹ ẹ̀ tó máa ń yé sábẹ́ Camry tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ ẹ̀, ó yọ ọ́, ó dúró díẹ̀, ó sì gba ilé aládùúgbò lọ.