Ògiri tó ń kéwì ní Granada

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ààfin àwọn ọba Nasrid, ìdílé ọba Mùsùlùmí ìgbàanì, ní Alhambra, ilé ọba tó wà lórí òkè ní ìlú Granada ní Sípéènì ni, amọ̀nà wa kò tíì lanu, tí ẹ̀gbọ́n mi fi fà mí láṣọ, wọ́n ní, "Gbójú sókè, kà á." Mo gbójú sókè. Láàárín ewé àti òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, gbólóhùn Lárúbáwá kan ń padà wá, ó ń padà wá, bí ègbè orin. Mo to àwọn lẹ́tà náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Ààfáà ṣe máa ń fi igi tọ́ka sí wọn lórí wàláà nílé kéú wa ní Ìlọrin, ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wa lá gáliba illal-Láhu. Kò sí aṣẹ́gun kan bí kò ṣe Ọlọ́run.

Mo kà á! Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún.

Ilé kéú yẹn náà la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Andalúsì. Ààfáà sọ fún wa pé àwọn Mùsùlùmí jọba rí ní ilẹ̀ òyìnbó, ní Sípéènì, fún nǹkan bí 800 ọdún. Ọmọdé ni wá, ó dà bí àlọ́ létí wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù kẹta tó kọjá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ayẹyẹ kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí Ààfáà ń sọ yẹn làwọn fẹ́ fojú rí. Mo wá láti Manchester, a pàdé ní Málaga, a wọ bọ́ọ̀sì. Oko ólífì ni lọ́tùn-ún, oko ólífì ni lósì, títí òkè Sierra Nevada fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú yìnyín lórí.

Ìrìn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ láti Plaza Nueva ní ìsàlẹ̀ ìlú. A gba Cuesta de Gomérez, ọ̀nà tó gẹ̀rẹ́ lọ sókè, a wọnú igbó igi ńláńlá tí omi ń ṣàn létí ọ̀nà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò gbà fún òkè gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ mẹ́wàá, a ó dúró. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá mìíràn, a ó tún dúró. "Àbúrò mi, má kánjú," ni wọ́n ń wí, "òkè yìí ti ń dúró dè wá tipẹ́." Báyìí la ṣe dé Ẹnubodè Ìdájọ́, tí Súlúntánì Yusuf Kìn-ín-ní kọ́ ní 1348. Wọ́n gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan sí òkè ẹnubodè náà lóde, wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ti inú.

Amọ̀nà wa, ọmọ bíbí Granada, ń dúró dè wá lókè. Ó pín ohun ìgbọ́rọ̀ kékeré tí a ó kì bọ etí fún gbogbo wa, ó sì bèèrè ibi tí oníkálukú ti wá. Nígbà tí a ní Nàìjíríà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ọmọ Granada kan wà tó tẹ̀ dó sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Abu Ishaq al-Sahili lorúkọ rẹ̀, akéwì ni. Nígbà tí Mansa Musa, ọba Málì, ṣe hájì rẹ̀ ńlá ní 1324, Mẹ́kà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, akéwì náà sì bá ọba lọ sílé. Òun ni ìtàn sọ pé ó kọ́ mọ́sálásí Djinguereber ní Timbuktu. Timbuktu náà ló kú sí, ní 1346.

Mo dúró sójú kan. Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó mọ ìtàn ló so orúkọ tí a ń pe ẹ̀sìn wa, Ìmàle, mọ́ Málì yìí kan náà. Ọ̀nà òfin Málíkì tí àwọn ará Andalúsì ń tọ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa ní Ìlọrin. Nínú Kùránì àfọwọ́kọ àtijọ́ tí bàbá wa jogún, abẹ́ ni tóótó lẹ́tà fá wà, kì í ṣe òkè bíi ti àwọn ará ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn ará Mágríbù, ìyẹn àríwá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àti Andalúsì ṣe ń kọ ọ́. Mo ti rò pé ilẹ̀ àjèjì ni mo wá. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń mi orí.

Àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ààfin Nasrid, wọ́n sì ń yẹ ìwé ìrìnnà wò kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó bá pẹ́, òde ni yóò ti wo ògiri.

Nípa gbólóhùn tí a kà yẹn, ìtàn kan wà. Muhammad ibn al-Ahmar ló dá ìdílé Nasrid sílẹ̀, ó gba Granada ní 1238, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ọba sórí òkè yìí. Àmọ́ ọba Kristẹni ti Castile lágbára jù ú lọ, ó di dandan kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ní 1248, ó kó ọmọ ogun lọ ràn án lọ́wọ́ láti gba Seville, ìlú àwọn Mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó padà dé, àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n ń kí i ní aṣẹ́gun, aṣẹ́gun. Ó sì dá wọn lóhùn pé kò sí aṣẹ́gun kan bí kò ṣe Ọlọ́run. Gbogbo ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ilé. Èmi ń gbọ́ ìbànújẹ́ nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó fi ìlú arákùnrin rẹ̀ ra àlàáfíà ló sọ ọ́.

A kọjá àgbàlá Comares, níbi tí omi adágún gígùn dákẹ́ tó fi dà bíi pé ilé náà dorí kodò sínú rẹ̀, a wọ gbọ̀ngàn tí ọba ti máa ń gba àwọn ikọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lálejò. Ẹ wo àjà! Ẹyọ igi 8,017 ni wọ́n tò pọ̀ bí ìràwọ̀ lókè níbẹ̀, ìpele lórí ìpele, láti fi ṣàpẹẹrẹ ọ̀run méjèèje. Ìtẹ́ ọba wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Sùúrátù Mulk ni wọ́n kọ yí ìdí àjà náà ká, èyí tí àwa ọmọ ilé kéú mọ̀ sí Tabáráka. Bí amọ̀nà ṣe sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ láti orí, Tabárakal-ladhí biyadihil mulku. Àwọn tó wà nítòsí yọ ohun etí wọn, wọ́n ń gbọ́. Amọ̀nà náà dákẹ́ títí wọ́n fi dé ibi tí Ọlọ́run ti ní kí a tún ojú wò sánmà, bóyá a ó rí ibi tó sán. Gbogbo wa tún ojú wò ó.

Àgbàlá Àwọn Kìnnìún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù. Muhammad Kárùn-ún ló kọ́ ọ, ọmọ Yusuf, ẹni tí wọ́n lé lórí oyè ní 1359 tó sì gba oyè rẹ̀ padà ní 1362. Òpó òkúta mábù 124 ló dúró yí àgbàlá náà ká, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dà bí igi ọ̀pẹ tí kò ga. Láàárín, kìnnìún méjìlá gbé agbada omi sẹ́yìn, omi ń tẹnu wọn jáde. Kò sí ẹ̀rọ kankan nídìí omi yìí nígbà náà. Òkè Odò Darro, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí ibẹ̀, ni wọ́n ti la ojú omi kan tó ń gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú Alhambra, omi fúnra rẹ̀ ló ń wá ìsàlẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá mọ ìnira àtipọn omi gun òkè, yóò mọ̀ pé ìwọ̀nba ọba díẹ̀ ló ṣe ohun tó tó èyí fún ilé rẹ̀.

Ewì yí etí agbada náà ká. Ibn Zamrak ló kọ ọ́. Ó ní omi àti òkúta jọra débi pé a kò mọ èwo nínú wọn ló ń ṣàn. Nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àjà rẹ̀ rí bí ilé oyin tí ìmọ́lẹ̀ ń jò nínú rẹ̀, ewì mìíràn tirẹ̀ wà, ògiri fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi ni ọgbà, ló wí. Ó ń júbà ọba, ó ń ka ẹwà ara rẹ̀ sílẹ̀. Oríkì ni! Ní Ọ̀yọ́, ẹnu àwọn arọ́kin ni ìtàn àti ògo ọba ń gbé. Bí arọ́kin bá kú, ọmọ rẹ̀ á gbà á. Níbí, ara ilé ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwọn tó lè kà á sì di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú.

Ìgbésí ayé akéwì náà kò dùn gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni Ibn al-Khatib, oníṣègùn, òpìtàn, wàsírì ọba. Ọ̀tá yí Ibn al-Khatib ká, ó sá lọ sí Mòrókò, wọ́n fún un lọ́rùn pa nínú ẹ̀wọ̀n ní Fez ní 1374. Ọwọ́ Ibn Zamrak wà nínú ẹjọ́ tó pa ọ̀gá rẹ̀, òun ló sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ní nǹkan bí 1393, wọ́n pa òun náà. Mo ń wo lẹ́tà dáradára wọ̀nyẹn, mo ń ronú nípa ọwọ́ tó kọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ n yára kọjá ààfin Carlos Kárùn-ún. Ní 1527 ni ọba Kristẹni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé òkúta ràgàjì sáàárín ilé onílé. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n fipá sọ di Kristẹni ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn yẹn dìde ogun ní 1568, owó gbẹ, iṣẹ́ dúró. Inú ọ̀rúndún ogún ni ilé náà tó ní òrùlé. Àwọn kan nínú wa yìn ín gidigidi. Èmi kò lè yìn ín.

Lẹ́yìn tí a ti jẹun ọ̀sán, a gba Cuesta de los Chinos sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Darro, a sì wọ Albaicín, àdúgbò àtijọ́ tó dojú kọ Alhambra. Ara tù wá níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ògiri funfun tí kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Àfi bí a bá yọjú wọlé ni a ó rí igi ọsàn, omi àti òdòdó. Ẹ̀gbọ́n mi ní agboolé ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ilé tó kọ̀yìn sí títì, tó kojú sí àgbàlá. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní carmen, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ọgbà àjàrà. Orí igun ọ̀nà la ti ń rí aljibe, kòtò ìpamọ́ omi tí àwọn mọ́sálásí ìgbàanì ń lò. Ṣọ́ọ̀ṣì San José ṣì ń lo ilé gogoro mọ́sálásí tó wà ṣáájú rẹ̀ fún agogo. Ní ilé ìwẹ̀ El Bañuelo, tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá, ihò onírìísí ìràwọ̀ ni wọ́n lu sórí àjà, oòrùn ń gba ibẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ tútù.

Inú ilé ìwẹ̀ yẹn ni amọ̀nà ti sọ ìyókù fún wa, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1492, Muhammad Kejìlá, ọba Nasrid tó jẹ kẹ́yìn, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Boabdil, fi kọ́kọ́rọ́ Alhambra lé Ferdinand àti Isabella, ọba àti ọbabìnrin Kristẹni, lọ́wọ́. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn Mùsùlùmí yóò máa ṣe ẹ̀sìn wọn. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fipá ṣèrìbọmi fún wọn. Cisneros, àlùfáà àgbà, kó ìwé Lárúbáwá jọ, ó dáná sun wọ́n. Ìwé ìṣègùn nìkan ló yọ sílẹ̀. Ní 1567, òfin Ọba Philip Kejì ti Sípéènì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ Lárúbáwá mọ́, kí wọ́n má sì lo ilé ìwẹ̀ mọ́. Láti 1609, wọ́n lé ìyókù wọn kúrò ní Sípéènì. Mo fọwọ́ kan ògiri ilé ìwẹ̀ náà. Èmi tí mo ti rí bí àwọn ọmọ wa nílùú òyìnbó ṣe ń gbàgbé Yorùbá láìsí òfin kankan, ọ̀rọ̀ òfin yẹn dùn mí dé egungun.

A kí Àsárì ní mọ́sálásí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2003 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì San Nicolás. Láti inú ọgbà rẹ̀, Alhambra wà lódìkejì àfonífojì, oòrùn ń wọ̀, ògiri rẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Pípọ́n yẹn náà ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ilé pupa.

Mo ti ra táìlì kékeré kan ní ọjà Alcaicería fún Ìyá wa, wọ́n kọ gbólóhùn náà sí i ní àwọ̀ búlúù. A pè wọ́n lórí fóònù, mo sì gbé e síwájú kámẹ́rà. Ìyá wa kò lọ ilé ìwé òyìnbó rí, kéú nìkan ni wọ́n kà. Wọ́n wá dígí wọn, wọ́n fà fóònù mọ́ra.

"Wa lá gáliba illal-Láhu," ni wọ́n kà, láìdúró. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú ọgbà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún Ìyá wa láti orí Ibn al-Ahmar.